Ṣé O Mọ̀? Táyà Tó Gbé Ọ Dé Ọjà Ọba

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo ibi tí ọkọ̀ kan ti fi ara kan ilẹ̀ kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin lọ? Mú takisí Mícrà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èrò tán ní Ọjà Ọba nílùú Ìbàdàn, tó ń gun òkè Mápó lọ sí Bẹẹrẹ. Ìyá eléèlùbọ́ wà níwájú, èrò mẹ́ta fún ara wọn lẹ́yìn, àpò ata wà nínú búùtù. Bí ọkọ̀, èrò àti ẹrù bá wọn 1,000 kìló, táyà kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan bí 250 kìló. Tí géèjì bá sì ka 30 psi nínú táyà náà, ibi tí rọ́bà ti tẹ títì kò ní ju sáńtímítà 11 níbùú, sáńtímítà 11 lóròó. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: pín ìwúwo tí táyà gbé fún agbára atẹ́gùn inú rẹ̀, ìwọ̀n ibi tó fi tẹlẹ̀ ló máa jáde. Orí ibi kékeré mẹ́rin yẹn ni bíréèkì ti ń rí ilẹ̀ dì mú, orí rẹ̀ náà ni ọkọ̀ ti ń yà. Ẹni tó bá ti rò ó bẹ́ẹ̀ kò ní fojú yẹpẹrẹ wo táyà mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé atẹ́gùn ló gbé ọkọ̀, pé rọ́bà kàn ń bá wa dì í mú ni? Nígbà tí atẹ́gùn bá dín, ìwúwo ọkọ̀ kò dín. Táyà á tẹ́ sílẹ̀ kí ibi tó fi tẹlẹ̀ lè fẹ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á nà, á tún ká. Táyà 155/70R13, irú èyí tí Mícrà àtijọ́ ń lò, ń yí nǹkan bí ìgbà 580 kó tó rin kìlómítà kan. Láti Ìbàdàn dé Èkó lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, ó máa yí ju ìgbà ẹgbẹ̀rún 70 lọ, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń ká. Kíká yìí ló ń mú un gbóná, ooru yẹn ló ń jẹ okùn àti wáyà inú rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Bí táyà bá bẹ́ lọ́sàn-án gangan, àwọn kan á ní oòrùn ló ṣe é, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Oòrùn dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìtó atẹ́gùn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ojú kò lè wọn atẹ́gùn? Lára nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ, wàá rí lẹ́tà R. Ó ń tọ́ka sí irú táyà tí ilé-iṣẹ́ Michelin ní Faransé gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dún 1946, èyí tí okùn inú rẹ̀ ti ètè kan dé èkejì tààrà. Ẹ̀gbẹ́ táyà bẹ́ẹ̀ rọ̀, ó sì máa ń yọ ikùn díẹ̀ kódà tí atẹ́gùn rẹ̀ bá pé. Táyà tó yẹ kó ní 32 psi lè ti bọ́ sí 24, kó má sì yàtọ̀ sí ìkejì rẹ̀ lójú ẹni tó dúró tì í. Fífi ẹsẹ̀ ta á náà kò sọ nǹkan kan. Àwọn awakọ̀ tírélà máa ń fi irin lu táyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gbọ́ èyí tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó ti rọ pátápátá láàárín àwọn táyà tó so pọ̀ ní méjì méjì. Kò lè sọ fún wọn pé 8 psi ti lọ. Géèjì nìkan ló lè sọ ọ́, géèjì kékeré tó wọ àpò aṣọ kò sì wọ́n.

Dúró tì fọkanáísà kan ní àyíká Ọjà Ọba, níbi tí ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ ti ń pariwo, kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni ká fi sí i?”

“Ṣáà bá mi fẹ́ ẹ kó le dáadáa. Ẹrù ni mo fẹ́ lọ gbé.”

Ṣé o mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti dáhùn ìbéèrè ọmọkùnrin fọkanáísà yẹn kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn? Ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń pa dé mọ́. Ìwé kékeré kan wà níbẹ̀, nínú ọkọ̀ mìíràn ó lè wà lẹ́yìn ìdérí tánkì epo. Ó sọ iye psi tí táyà iwájú ń fẹ́, iye tí ti ẹ̀yìn ń fẹ́, àti iye tí wàá fi kún un tí èrò àti ẹrù bá kún ọkọ̀. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ mọ ìwúwo ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n mọ bí bíréèkì rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. “Kó le dáadáa” kò mọ ìkankan nínú rẹ̀.

Nọ́ńbà kan wà tó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, òun ni èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà fúnra rẹ̀. Lára táyà ọkọ̀ kékeré, ó sábà máa ń jẹ́ 44 tàbí 51 psi. Ibi tí táyà kò gbọdọ̀ kọjá ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í ṣe ibi tó yẹ kó wà. Táyà kan náà lè wà lábẹ́ oríṣi ọkọ̀ mẹ́wàá, kó sì jẹ́ pé iye atẹ́gùn tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ yàtọ̀. Tí o bá fẹ́ táyà dé 44 nínú ọkọ̀ tó ń fẹ́ 32, ibi tó fi tẹlẹ̀ á kéré sí i, ọkọ̀ á máa ta lórí gbogbo kòtò, bíréèkì á sì gba ọ̀nà gígùn kó tó dá ọ dúró. Àwọn onímọ́tò tó ń ná òpópónà Ìdí Arẹ̀rẹ̀ nígbà òjò mọ ohun tí ọ̀nà gígùn díẹ̀ túmọ̀ sí, nígbà tí ọmọdé bá já sí títì lójijì.

Ṣé o mọ̀ pé àárọ̀ kùtùkùtù ni táyà máa ń sọ òtítọ́? Bí ó bá gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á fẹ́ gbòòrò, kò sì ní àyè, agbára rẹ̀ á wá lọ sókè. Bí ooru bá fi nǹkan bí díígírì Celsius 5 àti ààbọ̀ lé sí i, géèjì á fi nǹkan bí psi 1 lọ sókè. Ọkọ̀ tó ti sáré láti Òjóò wá sí Bẹẹrẹ lè ka 36 nígbà tó jẹ́ pé 32 ló ní kó tó kúrò nílé. Aṣìṣe ńlá ni kí ènìyàn rí 36 yẹn kó sì tú u sílẹ̀ dé 32, torí bí táyà bá ti tutù lálẹ́, yóò wà ní 28, òun ni wàá sì gbé jáde lọ́jọ́ kejì. Nígbà ọyẹ́, tí àárọ̀ bá tutù gan-an, kódà táyà tí kò jò máa ń kéré lójú géèjì. Nítorí náà, wọ̀n ọ́n kí ọkọ̀ tó rìn, tàbí lẹ́yìn tó bá ti dúró fún wákàtí mẹ́ta.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni ẹ̀rọ wà, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ rèé. Wọ̀n ọ́n nílé láàárọ̀ pẹ̀lú géèjì tìrẹ, kí o kọ iye tó dín sílẹ̀. Ká ní psi 4 ló dín nínú táyà iwájú ọ̀tún. Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, tí géèjì wá ka 31 nítorí ooru, sọ fún un pé kó gbé e dé 35. Psi 4 tó dín nílé náà lo fi kún un, bó ti wù kí táyà gbóná tó. Géèjì fọkanáísà tó ti ń já bọ́ sílẹ̀ láti ọdún mélòó kan kò sì ní lè ṣì ọ́ lọ́nà, torí ìyàtọ̀ lo ní kó fi kún un, géèjì tìrẹ lo sì máa fi yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ṣé o mọ̀ pé táyà tí kò jò náà ń jò? Atẹ́gùn ń gba inú rọ́bà fúnra rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí psi 1 lóṣù. Ẹni tí kò bá wọn táyà rẹ̀ láti Ọdún Iléyá kan dé òmíràn ti lè pàdánù psi 12, láìsí ìṣó kankan nílẹ̀. Ibòmíràn tí atẹ́gùn ń gbà jáde ni ẹnu fáàfù. Wo fọkanáísà nígbà tó bá fẹ́ táyà tán: ó máa ń fi ìka kan itọ́, á sì fi ra ẹnu fáàfù. Tí itọ́ bá hó, pínnì inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó rọrùn, kò sì ní àṣìṣe. Irú fáàfù yẹn ni August Schrader àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú jáde ní àwọn ọdún 1890, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà títí dòní. Ìdérí kékeré orí rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa kì í wá mọ́ tó bá ti sọnù, ló ń dènà iyẹ̀pẹ̀ kó má wọ pínnì náà.

Owó epo náà wà níbẹ̀. Tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi psi 1 kéré, epo tí ọkọ̀ ń jẹ á fi nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Fi psi 6 dín in: nínú epo náírà 10,000, nǹkan bí náírà 120 ti ṣòfò. Ẹni tó ń fi takisí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lè bá ara rẹ̀ ṣírò ìyókù dé òpin ọdún.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Baṣọ̀run Olúyọ̀lé ń jọba lé Ìbàdàn lórí ni ẹnì kan kọ́kọ́ ronú kan táyà alátẹ́gùn? Ọjà Ọba tí à ń sọ yìí, Ọjà Ìbà ni àwọn àgbà ń pè é, nítorí Ìbà Olúyọ̀lé. Lọ́dún 1845, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Scotland kan, Robert William Thomson, ọmọ ọdún 23, gba ìwé ẹ̀rí fún àgbá kẹ̀kẹ́ tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀, awọ ló fi bo ìta. Lọ́dún 1847, ó fi han àwọn ará London lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní Regent’s Park. Ọdún 1847 yìí náà ni Olúyọ̀lé kú. Kò sí mọ́tò láyé nígbà náà, iṣẹ́ Thomson sì wọlẹ̀ títí àwọn ènìyàn fi gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún 1888, ará Scotland mìíràn, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran tó ń gbé ní Belfast, ṣe táyà alátẹ́gùn fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, òun ni orúkọ rẹ̀ sì kalẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi máa la ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ fún ọkọ̀ lọ́dún 1906, ọ̀nà mọ́tò tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ó ti pé ọdún 33 tí Thomson ti kú.

Ṣé o mọ̀ pé imí ọjọ́ wà nínú táyà rẹ? Imí ọjọ́ kan náà tí wọ́n ń tà lórí àtẹ àwọn eléwé-ọmọ ní ọjà Bódè. Rọ́bà bó ṣe ti ara igi jáde kì í wúlò: oòrùn á yọ́ ọ, òtútù á mú un le gbagidi. Lọ́dún 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé tí a bá po imí ọjọ́ mọ́ rọ́bà tí a sì fi iná yan án, á nà, á sì padà sí bó ṣe wà, kò ní yọ́ mọ́. Ó jẹ ìyà gan-an kó tó rí i, ó sì kú sínú gbèsè lọ́dún 1860. Ilé-iṣẹ́ táyà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn dá a sílẹ̀, lọ́dún 1898. Iṣẹ́ tó ṣàwárí yẹn ni fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà wa ṣì ń ṣe. Wọ́n á fi irin di túùbù tó ya àti rọ́bà tútù mọ́ abẹ́ písítìnì ẹ́ńjìnnì àlòkù, wọ́n á da epo díẹ̀ sínú písítìnì náà, wọ́n á ṣáná sí i. Bí iná bá kú tí irin tutù, rọ́bà méjèèjì ti di ọ̀kan. Ta ló kọ́kọ́ rí i pé písítìnì àlòkù lè di ààrò tó ba iṣẹ́ yìí mu bẹ́ẹ̀? Ẹni náà yẹ ní ẹni à ń yìn.

Funfun ni rọ́bà tẹ́lẹ̀, táyà àtijọ́ sì mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin oníkùn tí Michelin fi ń polówó láti ọdún 1898 fi funfun. Ẹbu dúdú tí epo rọ̀bì tó jóná ń fi sílẹ̀ ni wọ́n wá ń pò mọ́ ọn, ìyẹn ló sọ ọ́ di dúdú, tó sì mú un pẹ́ kó tó jẹ.

Ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ti bọ́ àwọn oníṣẹ́ rọ́bà rí. Kí igi rọ́bà Brazil tó dé ọ̀dọ̀ wa, igi rọ́bà kan ń hù nínú igbó wa tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Funtumia elastica. Ní àárín àwọn ọdún 1890, àwọn ènìyàn ya wọ igbó lọ kọ ọ́. Lọ́dún 1895 nìkan, rọ́bà tó ti èbúté Èkó jáde wọn ju mílíọ̀nù 5 páùn lọ. Wọ́n fi àdá kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí igi fi kú lọ bẹẹrẹ, òwò náà sì já wálẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn òmìnira, Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2007, Dunlop dá iṣẹ́ dúró lọ́dún 2008. Ó dùn mí láti kọ ọ́. Orílẹ̀-èdè tó ní igi rọ́bà nínú oko wá ń dúró de ọkọ̀ ojú omi kó tó rí táyà rà.

Ọ̀rọ̀ jíjẹ táyà ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ sí jù.

Ṣé o mọ̀ pé táyà máa ń kọ àìsàn ọkọ̀ sí ojú ara rẹ̀? Bí ṣọbàtà ṣe ń wo àtẹ́lẹ̀ bàtà kó tó mọ bí ẹni tó ni ín ṣe ń tẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá mọ táyà ṣe ń wo ojú rẹ̀ tó sì ń mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, tàbí kí o yí sítíárìn tán sí ẹ̀gbẹ́ kan kí táyà iwájú lè yọjú síta, kí o wò ó láti èjìká kan dé èkejì. Tí èjìká méjèèjì bá ti jẹ tí àárín sì kù, atẹ́gùn rẹ̀ ti ń kéré láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹrù àpọ̀jù náà máa ń fa irú rẹ̀. Tí àárín bá ti pá, tí èjìká sì kù, “kó le dáadáa” ló ṣe é.

Tí ó bá jẹ́ èjìká kan ṣoṣo ló jẹ, pàápàá ti inú, má fi ẹ̀sùn kan atẹ́gùn. Ọkọ̀ ló ti yẹ̀ kúrò ní ipò tó yẹ kí táyà dúró sí, aláyímẹ́ǹtì ló ń wá. Kòtò kan ṣoṣo tó jìn lè fà á, tàbí ọgbà ẹ̀bá títì tí ènìyàn fi táyà gbá nígbà tó ń wá ibi páàkì láàárín èrò ọjà. Ewu tó wà nínú jíjẹ inú ni pé ẹni tó dúró lẹ́bàá ọkọ̀ kò lè rí i. Táyà á ṣì dára lójú lápá ìta, wáyà á sì ti yọ lápá inú. Mo bẹ gbogbo ẹni tó ń fi Mícrà gbé èrò: ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo inú.

Ọwọ́ náà lè kà á. Fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti òde lọ sí inú, kí o tún ra á láti inú bọ̀ sóde. Kọ́kọ́ wò ó dáadáa pé wáyà kò yọ, kó má bàa gé ọ. Tí ó bá dán lọ́nà kan tó sì ń ha ọwọ́ lọ́nà kejì, táyà náà kò kọjú síbi tí ọkọ̀ kọjú sí, ẹ̀gbẹ́ ló ń fi wọ́ ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń yí. Aláyímẹ́ǹtì náà ni. Tí ọwọ́ bá bọ́ sí kòtò kéékèèké tó jìnnà síra wọn yí ojú táyà ká, ṣọ́ọ̀kì ti kú, táyà ń fò lórí títì dípò kó máa tẹ̀ ẹ́. Ibì kan ṣoṣo tó tẹ́ pẹrẹsẹ jẹ́ àpá bíréèkì tí ènìyàn tẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan, tí táyà fi wọ́ láìyí. Tí ó bá sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló wú bí ẹyin, okùn inú rẹ̀ ti já. Kò sí ìtọ́jú fún èyí, fọkanáísà tó mọṣẹ́ kò ní gbà láti lẹ̀ ẹ́.

Ní àwọn ọ̀nà tóóró tó wà láàárín Ọjà Ọba àti Bẹyẹrúnkà, ohun kan tún wà tó ń jẹ táyà tí a kì í kà sí. Nígbà tí ọ̀nà bá há, dẹ́rẹ́bà á yí sítíárìn tán nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró gbọin. Gbogbo ìwúwo iwájú ọkọ̀ á wá máa lọ rọ́bà mọ́ ọ̀dà títì lójú kan. Jẹ́ kí ọkọ̀ yí díẹ̀ kí o tó yí sítíárìn, ó tó. Táyà iwájú Mícrà ti ní iṣẹ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀: òun ló ń fa ọkọ̀, òun ló ń darí rẹ̀, òun ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń jẹ ṣáájú ti ẹ̀yìn, tó sì fi dára kí a máa pààrọ̀ ipò wọn ní nǹkan bí kìlómítà 10,000 síra.

Wo inú poro táyà dáadáa. Àwọn pèpéle kéékèèké wà níbẹ̀ tó dábùú poro, tí gíga wọn jẹ́ mílímítà 1.6. Táyà tuntun sábà máa ń ní poro tó jìn ní nǹkan bí mílímítà 8. Ọjọ́ tí ojú táyà bá bá pèpéle yẹn dọ́gba, ó ti parí. Kò nílò ẹ̀rọ, kò nílò kí o bi ẹnikẹ́ni.

Ṣé o mọ̀ pé táyà lè gun orí omi bí ọkọ̀ ojú omi? Lọ́dún 1963, àwọn onímọ̀ ní NASA, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí òfurufú, tẹ ìṣirò kan jáde nípa táyà ọkọ̀ òfurufú lórí ilẹ̀ tó kún fún omi. Wọ́n rí i pé agbára atẹ́gùn inú táyà ló ń sọ eré tí omi máa gbé e sókè. Fi ìṣirò náà sára táyà tó ti pá. Tí ó bá ní 30 psi, omi lè gbé e ní nǹkan bí kìlómítà 91 ní wákàtí kan. Tí ó bá jẹ́ 20 psi ló ní, kìlómítà 75 ti tó. Nígbà tí ó bá ti wà lórí omi, sítíárìn ò darí nǹkan kan mọ́, bíréèkì náà ò rí ilẹ̀ mú. Iṣẹ́ poro ni láti fa omi náà jáde lábẹ́ táyà kí rọ́bà lè rí ọ̀dà. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó nínú òjò oṣù kẹfà lórí táyà tó pá, tí atẹ́gùn rẹ̀ kò sì pé, ti so ìṣòro méjì pọ̀.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí náà ti ja ìjà fún ẹ̀mí àwọn arìnrìnàjò. Lọ́dún 1977, Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, àwọn tí aráàlú ń pè ní Maja-Maja. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ààbò ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ lọ́dún 1988, òun náà ni alága àkọ́kọ́. FRSC àti àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà ti ń sọ ọ́ léraléra pé táyà kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. FRSC ní táyà ọkọ̀ náà bẹ́, eré rẹ̀ sì pọ̀ jù.

Báwo ni wàá ṣe mọ ọjọ́ orí táyà? Wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o tẹ̀ lé e dé òpin. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tí o kò bá rí nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ní ẹ̀gbẹ́ kan, wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta, táyà náà ti wà láyé kí ọdún 2000 tó dé. Fi ojú rẹ rí i kí o tó sanwó, ì báà jẹ́ ní Aráròmí ní Agodi Gate lo ti fẹ́ rà á, ì báà jẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Táyà tòkunbọ̀ lè ní poro tó jìn dáadáa, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Tí o bá tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí o rí àwọn ilà tín-ín-rín bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó gbẹ, dá a padà.

Ẹ̀tàn kan wà tí táyà tuntun gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí owó ọkọ̀ ojú omi lè dín, àwọn kan máa ń ki táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ inú ẹyọ kan tìpátìpá kí wọ́n tó kó o wọ̀lú. SON ti gba irú rẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, wọ́n sì ti bà á jẹ́. Wáyà inú táyà tí wọ́n ká bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ́ kó tó rin kìlómítà kan. Ṣàkíyèsí ètè rẹ̀ níbi tó ti máa wọ ríìmù: tí ó bá wọ́, tàbí tí ó ní àpá ká, má fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ.

Ṣé o mọ ohun tí iná òfeefèé tó ní àmì ìyanu láàárín, tó ń tàn níwájú dẹ́rẹ́bà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ń sọ? Atẹ́gùn táyà ti kéré ló ń sọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ kékeré tuntun ní ẹ̀rọ yẹn, lẹ́yìn tí táyà Firestone lábẹ́ ọkọ̀ Ford Explorer ti pa ènìyàn tó lé ní igba. Ṣùgbọ́n iye tó yẹ gbọ́dọ̀ dín ní ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kí iná tó tàn. Táyà tó ń fẹ́ 32 lè bọ́ sí 25 kí iná má sọ nǹkan kan. Ó dára bí olùrànlọ́wọ́, kò lè gba ipò géèjì àárọ̀.

Wọ́n tún ń ta atẹ́gùn pàtàkì kan, náítírójìn, níbòmíràn. Atẹ́gùn lásán tí fọkanáísà ń fẹ́ sí i, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti jẹ́ náítírójìn. Fi owó yẹn ra géèjì.

Ẹ́kísítírà tó wà nínú búùtù ńkọ́? Òun náà ń pàdánù psi 1 lóṣù, lábẹ́ àpò ata, láìsí ẹni tó ń wò ó. Tí ó bá jẹ́ ti tín-ín-rín, èyí tí orúkọ rẹ̀ fi lẹ́tà T bẹ̀rẹ̀, 60 psi ló sábà máa ń fẹ́, kò sì gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó sún mọ́ jù ló wà fún, kì í ṣe Èkó. Nígbà tí ọmọkùnrin fọkanáísà yẹn bá fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ṣí búùtù fún un kó wọn ìkarùn-ún.